Àwọn Ẹsẹ̀ Kékeré Inú Garawa

“Èmi ni mo ṣe é.”

Ó-Rẹ̀-Mí kò tíì jókòó tán tí ọmọkùnrin náà fi sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì di apá àga mú, èkejì wà ní ìbàdí tó ń dùn ún. Ó wà bẹ́ẹ̀, kò dúró, kò jókòó, ó ń wo ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó rọra fìdí kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“Ó rẹ̀ mí o,” ló wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bó bá dé iṣẹ́ láàárọ̀, á ní ó rẹ òun. Bó bá mú apànìyàn, á ní ó rẹ òun. Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tó bá ti dojú rú mọ́ àwọn tí ara wọn yá gágá lọ́wọ́, orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí.

Ó ti rí ẹni tó jẹ́wọ́ nítorí ẹ̀rù. Ó ti rí ẹni tó jẹ́wọ́ nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́ bá a nídìí ohun tó jí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ní sùúrù kí olùbéèrè fìdí kan àga, ìyẹn kì í ṣe ẹni tó ń tú nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó ń sáré bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni.

“Kí lo ṣe?”

“Ohun tí wọ́n ní mo ṣe, sà.”

“Wọn ò ní kí n wá gbọ́ ti wọn lẹ́nu rẹ. Ìwọ ni mò ń bi.”

Oníwáyà ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, nítorí òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti gbogbo wáyà tó lọ́ mọ́ra bí ejò nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni, yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tó bá pàdánù ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ń wá. Kámẹ́rà á yí kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀ po, ìwọ̀n á wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ agbẹ́ á sì gbẹ́ àwòrán ẹsẹ̀ náà jáde lára fóòmù funfun, kí wọ́n tó wá mọ ike tó yi lé e. Lánàá, wọ́n tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, wọn kò bá ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Olè kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ti ti gbogbo fáìlì pa, ó kọ ọ̀rọ̀ pupa gàdàgbà sí ojú rẹ̀ pé kí wọ́n sanwó ìtúsílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kan náà ló sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tó ní ẹni inú ilé ló ṣílẹ̀kùn fún olè.

“Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é,” ni Oníwáyà wí. “Áńtífáírọ́ọ̀sì ni. A tún ní òmíràn tí à ń sanwó fún. Èmi ni mo ní èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá ti tó. Èmi ni mo yọ èkejì.”

“Kí ló dé?”

“Wọn ò jẹ́ kí ara wọn ṣiṣẹ́, sà. Bí orogún méjì nínú yàrá kan. Bí ọ̀kan bá mú olè, èkejì á ní ẹni tó mú un gan-an lolè.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Ó-Rẹ̀-Mí, ó gbé e mì.

“Ṣé o ṣì gbà pé ó tó?”

Ọmọ náà la ẹnu. Ojú rẹ̀ tàn bí ti ẹni tí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú. Àfi bó ṣe pa ẹnu náà dé. “Rárá, sà. Mo ṣì í ṣe. Ẹ sáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni.”

“Ṣé o gba nǹkan lọ́wọ́ olè?”

“Rárá.”

“Ṣé o mọ̀ ọ́n?”

“Rárá.”

“O ò gba nǹkan, o ò mọ̀ ọ́n, o sì ṣílẹ̀kùn fún un. O mà láàánú o.”

Fóònù Ó-Rẹ̀-Mí dún. Ọ̀gá àgọ́ ni.

“Ṣé ó ti jẹ́wọ́?”

“Ó ti jẹ́wọ́, sà.”

“Kí lo wá jókòó tì? Gbé e wá ká tó ti ọ́fíìsì. Ẹ̀sùn pé ó bá olè lẹ̀dí àpò pọ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀ràn méje míì ń dúró dè ọ́.”

“Mò ń bọ̀, sà.”

Oníwáyà ti dìde, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ró kó lórí sìmẹ́ńtì, ó sì wọ́ díẹ̀ nílẹ̀. Ó-Rẹ̀-Mí wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo ojú ọmọ náà, tó ń fún eyín pọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń ta.

“Jókòó,” ló wí. “Ara mi ò tíì gbà kí n dìde.”

*

Nínú yàrá iṣẹ́, ẹ̀rọ agbẹ́ dúró sójú kan bí àgùntàn tí òjò pa. Fóòmù funfun bo ilẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n Oníwáyà tó ni ilé iṣẹ́, dúró níwájú kọ̀ǹpútà pupa náà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo òkú. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fa awọ já. Òun ló ń ṣe bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ mọ́ra, Oníbẹ́líìtì sì lorúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é.

Arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ṣòkòtò rẹ̀ kan ṣófo, wọ́n ká a sókè. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, Dírẹ́bà ni wọ́n ṣì ń pè é.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá,” ni Dírẹ́bà wí, “ẹ bá mi wá ẹsẹ̀ mi o. Àkọ́kọ́, mọ́tò gbà á. Ìkejì, kọ̀ǹpútà gbé e mì. Mi ò ní ìkẹta tí mo fẹ́ yá ẹnikẹ́ni.”

“Bàbá, ẹ ní sùúrù,” ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wí. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ní ẹni inú ilé ni,” ni Ó-Rẹ̀-Mí wí fún un. “Ta ni ẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ sọ ọ́?”

Obìnrin náà gbé ojú sá. Oníbẹ́líìtì ló dáhùn.

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹni tó yọ ẹ̀ṣọ́ gidi, tó fi ẹ̀ṣọ́ ọ̀fẹ́ rọ́pò. Mo pariwo. Mo ní ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣọ́ ilé. Mo sì ti sọ ọ́ lánàá níwájú gbogbo wọn: ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yẹn, ọmọ ìyá ni o, ọmọ bàbá ni o, kò tún ní gbé ẹsẹ̀ wọ ibí yìí mọ́.”

“Àbúrò rẹ ni,” ni Ó-Rẹ̀-Mí wí fún Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀, ó yára tún un ṣe. “Ẹ má bínú, ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, àbúrò yín ni. Ṣé ẹ gbà pé ó lè bá olè dòwò?”

“Ọ̀gá, èmi ni mo pọn ọ́n. Èmi ni mo gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ọsibítù nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ní kékeré.” Ohùn rẹ̀ gbẹ. “Mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n mo bi í lánàá, mo ní, ‘Ta ló ṣe é?’ Kò wò mí lójú. Ọmọ tí mo tọ́ kò wò mí lójú. Ìyẹn ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ yín.”

“Àbí ẹlòmíràn wà tó ní yín sínú?”

“Oníkóòtù òdìkejì ọ̀nà,” ni Oníbẹ́líìtì wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. “Òun ló ń ta ẹ̀ṣọ́ tí à ń sanwó fún. Ọjọ́ tí a ní a ò rà mọ́, ó na ìka sí wa, ó ní a máa kábàámọ̀.”

Ó-Rẹ̀-Mí wo ọ̀nà láti ojú fèrèsé. Títì náà fẹ̀, oòrùn ń jó o. Ó kérora, ó sọdá.

*

Oníkóòtù wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn, ó sì ń làágùn bí ọmọrí ìkòkò tó ń hó.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Mo ti ń retí yín.”

“Ẹni tó bá ti ń retí mi ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.”

“Ha! Ẹ má pa mí o. Mo gbọ́ ariwo lánàá ni. Gbogbo àdúgbò gbọ́.”

“Ṣé òótọ́ ni pé o ní wọ́n máa kábàámọ̀?”

“Òótọ́ ni. Gbogbo oníbàárà tó bá fi mí sílẹ̀ ni mo ń sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ ajé ni, kì í ṣe èpè. Bí mo bá lè ti fáìlì ènìyàn pa, ṣé nínú ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé ń jò yìí ni ẹ ti máa bá mi?”

“Ta ló wà pẹ̀lú rẹ ní ìjẹta títí di àná?”

“Ìyá ìyàwó mi. Ó wá kí wa, kò tíì lọ. Ọ̀gá, bí mo bá fẹ́ wá ẹlẹ́rìí èké, ṣé ìyá ìyàwó ni màá yàn?”

Ó-Rẹ̀-Mí gbà á gbọ́. Ìnira ojú ọkùnrin náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dọ́gbọ́n ṣe. Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀.

“Tìrẹ yìí ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ wo ló ń ṣọ́ ọ?”

Oníkóòtù wúkọ́. Ó tún kọ́là kóòtù ṣe. “Ẹ̀n… èyí tó bá a wá ni, sà.”

“Ọ̀fẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa,” ni ọkùnrin náà wí, ojú sì tì í. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn lódìkejì.”

“Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ló ṣe tí kò rí olè tàwọn ará ibẹ̀?”

“Ibi gbogbo ló ń wò, àfi ibi tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá ní kó má wò.”

Ó-Rẹ̀-Mí ti ń yí padà lọ. Ó dúró. “Ṣé ènìyàn lè sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó má wo ibì kan?”

“Wẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ óò tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ óò yan fódà tí ẹ ò fẹ́ kó fọwọ́ kàn, ó parí. Tọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, tèmi tí mò ń tà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ò lè bá onílé jiyàn.”

“Àwọn wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ bá ń yọ lẹ́nu.”

*

Nígbà tó padà dé, ó ní kí Oníbẹ́líìtì bá òun ṣí ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà dìde pẹ̀lú ìgbéraga, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó tóbi bí ọmọ odó tẹ ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ lókè. Ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Ó bú u. Nǹkan kan jáde, ó pa dé.

“Kò sí níbẹ̀ mọ́,” ló wí. “Àbúrò ìyàwó mi ti jí i gbé.”

“Ẹ jókòó,” ni Ó-Rẹ̀-Mí wí. Lọ́kàn rẹ̀, ó yọ ẹnì kan kúrò lára àwọn tó ń fura sí.

Oníwáyà ló wá ṣí i, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ró kó, kó. Ẹ̀ṣọ́ náà kò kú, kò sùn. Wọn kò pa á, àná ni ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun nípa olè gbẹ̀yìn. Gbogbo nǹkan lójú rẹ̀ ló ní àmì àlàáfíà. Àfi ibì kan péré. Fódà ẹ̀rọ agbẹ́, ibi tí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹnì kan ti ní kí ẹ̀ṣọ́ má ṣe wo ibẹ̀ láé.

“Báwo ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ ṣe ń dé inú fódà yìí?”

“Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, ọsibítù ló ń wọn ẹsẹ̀ wọn,” ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wí. “Wọ́n á fi fláàṣì rán an sí wa. A ti rí i lánàá pé inú fláàṣì tó dé kẹ́yìn ni nǹkan burúkú náà wà. Àwọn ọsibítù pàápàá ò mọ̀. Olè náà ti ti fáìlì tiwọn náà pa.”

“Ẹ̀ṣọ́ ì bá mú un lẹ́nu ọ̀nà,” ni Ó-Rẹ̀-Mí wí pẹ̀lẹ́, “ká ní ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó gbójú kúrò. Àwọn wo ló mọ pásíwọ́ọ̀dù?”

“Àwa mẹ́ta,” ni Oníbẹ́líìtì wí. “Ẹ rí i! Mo sọ fún yín! Òun ló fọ́ ẹ̀ṣọ́ lójú!”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Oníwáyà wí kíá. “Èmi ni.”

“Oníwáyà, nígbà tí o ní kó má wo ibẹ̀, kí lo fẹ́ tún ṣe?”

“Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára, sà.”

“Kò sí nǹkan míì?”

Ọmọ náà fi iyè méjì wò ó. “Kò sí.”

Ìbàdí Ó-Rẹ̀-Mí kò gba ìdúró mọ́. Kò sí àga nítòsí, ó sì rí garawa kan lẹ́bàá ògiri, pàǹtí fóòmù ló kún inú rẹ̀. Ó fẹ́ dà á nù kó dojú rẹ̀ dé, kó jókòó lé e. Bó ṣe gbé e yí, ẹsẹ̀ kékeré mẹ́rin bọ́ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ fóòmù ni, funfun báláú. Ìkan kò ju apá ọkùnrin lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra bí ìbejì ìlọ́po méjì: ọmọ kan náà ni wọ́n gbẹ́ wọn fún. Ó jókòó sórí garawa, ó gbé ọ̀kan lé orí itan, ó fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ. Ó ń dán, ó ń dán, lójijì ìka rẹ̀ kọ́ nǹkan. Ìlà kan yọ gègè yí ẹsẹ̀ náà ká. Ó tún ń dán, ìlà míì. Ó gbé ìkejì. Ìlà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta. Ìkẹrin.

“Kí ló ṣe ìwọ̀nyí?”

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wò ó, ó sì mí. “Ẹ̀rọ ló bà wọ́n jẹ́. Ó máa ń dúró díẹ̀ láàárín iṣẹ́ nígbà yẹn, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ibi tó bá ti dúró, á fi ìlà sílẹ̀. Àgbàlagbà lè fara dà á. Ọmọdé kò lè wọ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, á gé e lára.”

“Ta ló ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé níbí?”

Dírẹ́bà ló dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì. “Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọdé nínú ilé yìí, kẹ́ ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn pẹ̀lú òòlù.”

“Ẹ̀rọ náà kò sì ṣe òsúkè mọ́ nísinsìnyí?”

“Kò ṣe é mọ́,” ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wí. “Láti ọjọ́ tí…”

Ó yí ojú wo kọ̀ǹpútà náà.

Awọ tí Oníbẹ́líìtì ń fà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àǹtí mi,” ni Oníwáyà wí, ó fẹ́ bọ́ sáàárín wọn. “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n…”

“Jókòó, ọmọ mi,” ni Ó-Rẹ̀-Mí wí. “O ti gbé e tó. Níbo lo wà nígbà tí ẹ̀rọ ń ba ẹsẹ̀ ọmọ yìí jẹ́?”

Oníwáyà wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

“Ilé ló wà,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn fún un, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. “Egbò ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò lè dìde.”

“Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ nípa àwọn ẹsẹ̀ yìí. Mo bi í ní ìdí tó fi ní kí ẹ̀ṣọ́ má wò, ó ní kí kọ̀ǹpútà lè yára ni. Ẹni tó ṣe é gan-an kò bìkítà fún ìyára. Òsúkè ni ẹni náà fẹ́ wò sàn. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ka ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olè wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ìlà tó wà lára fóòmù yìí, àpá ìka ẹ̀ṣọ́ ni.” Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kékeré náà sílẹ̀. “Oníbẹ́líìtì kò mọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà. Àbúrò yín kò sí nílé iṣẹ́. Ìyá, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ó rẹ̀ mí.”

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wá ibi jókòó, kò rí, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú èérún fóòmù.

“Ọmọbìnrin kékeré kan ni,” ló wí. “Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló wà. Mo gbẹ́ àkọ́kọ́, ó bàjẹ́. Mo gbẹ́ ìkejì. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde sí i, á na kùkùté ẹsẹ̀ ẹ̀, á ní, ‘Ó ti yá?’ Nígbà tí ìkẹrin bàjẹ́, mo fẹ́ ya wèrè. Mo pe àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa lórí fóònù. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀ṣọ́ kó fi fódà yẹn sílẹ̀. Wọ́n sọ ibi tí mo máa tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ìkarùn-ún jáde, ó ń dán bí ẹyin. Ọmọ náà rìn lọ sílé.” Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Mo gbàgbé. Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra, mo gbàgbé pé mo ṣe é. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni.”

“Òun mọ̀,” ni Ó-Rẹ̀-Mí wí.

Obìnrin náà yí ojú sí àbúrò rẹ̀. “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Àná, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe rí i pé fódà yẹn ni wọ́n ní kí ẹ̀ṣọ́ má wò, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe Bùrọ̀dá. Kì í sì í ṣe èmi.”

“O sì jẹ́ kí n lọ pe ọlọ́pàá sí ọ?”

“Bùrọ̀dá ti ní ẹni tó bá ṣe é kò ní wọ ibí mọ́.” Ó ń wo ilẹ̀. “Bí wọ́n bá lé mi, màá ríṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló máa gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé?”

Oníbẹ́líìtì wúkọ́, ó tún wúkọ́. Ó gbé awọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e padà. “Èmi… ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ ìbínú mi ṣe òfin?”

“Gbogbo wa,” ni Dírẹ́bà wí. “Ariwo yín pọ̀.”

*

Ó-Rẹ̀-Mí pe ọ̀gá àgọ́.

“Mi ò ní ẹni tí mò ń mú bọ̀, sà.”

“Kí lo wí? Ó ti jẹ́wọ́!”

“Ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Olè wà níbi tí èmi àtẹ̀yin kò mọ̀, sà, mọ́tò wa kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò mọ̀ pé òun ń ṣílẹ̀kùn. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí mo lè kọ.”

“O fi gbogbo ọjọ́ ṣòfò!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó rẹ̀ mí gan-an.”

Ó pa fóònù. Ọ̀ràn yìí kò ní wọ inú àwọn tí wọ́n máa fi yìn ín lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì. Kò mú olè. Àwọn fáìlì kò ní padà wá, ó mọ̀ ọ́n, àwọn náà sì mọ̀ ọ́n.

“Ọ̀gá,” ni Oníbẹ́líìtì wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí awọ tí wọ́n fi òróró pa, “ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí kí ẹ tó lọ. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá yẹn, ṣé ó tó àbí kò tó?”

“Ó tó ṣọ́ ibi tí ẹ bá jẹ́ kó ṣọ́. Ká ní ẹ ní méjì, méjèèjì lẹ máa ní kó gbójú kúrò, nítorí ọmọ náà ṣì máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀dà àwọn ìwọ̀n ẹsẹ̀ yìí, níbo lẹ tọ́jú ẹ̀ sí? Olè lè borí ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́n jù. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn á bú olè, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Oníwáyà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé.

“Inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ló wà. Wọ́n ti ti òun náà pa.” Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. “Ìyẹn, èmi ni, sà. Ìyẹn, èmi ni lóòótọ́.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Ó-Rẹ̀-Mí rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn ni ìjẹ́wọ́. Mo ti jókòó kó o tó sọ ọ́.”

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ti dìde nílẹ̀. Fóòmù funfun kún ẹ̀yìn ìró rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n. Ó ṣí àpótí kan tó wà lábẹ́ tábìlì, ó yọ okùn ìwọ̀n àti báńdéèjì tí wọ́n ń rẹ sínú ẹfun jáde, ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé. Ó fa àga kan, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀.

“Yọ ọ́,” ló wí.

“Kí ni, Àǹtí mi?”

“Ẹsẹ̀ yẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ, kó, kó, kó. Egbò yẹn kò jinná, àbí? Ìgbà wo ni mo ti ṣe ẹsẹ̀ fún ọ gbẹ̀yìn?”

“Àwọn tó ń dúró pọ̀. Bàbá yìí ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti…”

“Mo ní kó o yọ ọ́.”

Oníwáyà wo Dírẹ́bà. Dírẹ́bà tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ rọ orí.

“Ẹ má wo ojú mi,” ló wí. “Èmi ò lè rìn lọ síbì kankan.”

Ọmọkùnrin náà jókòó. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó tú bẹ́líìtì, ó yọ ẹsẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣe “hẹ̀n” kékeré kan nínú ọ̀fun. Ó kúnlẹ̀, ó gbé kùkùté ẹsẹ̀ náà lé orí itan rẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọ̀n ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ń kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ wà nínú àpò Ó-Rẹ̀-Mí, ó wúwo, ó ṣófo. Ọ̀ràn méje ń dúró dè é. Ó wo ọ̀nà, ó wo oòrùn, ó tún wo garawa tó dojú dé náà.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ kí n tó máa lọ.”

Ó jókòó.